Kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ gẹ́gẹ́ bí rìmóòtù tíátà inú ilé

Lílo kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ gẹ́gẹ́ bí rìmóòtù tíátà inú ilé ni fífi kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń mú lọ́wọ́ darí àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń wo fíìmù nínú ilé: tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ DVD, dikódà àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn lọ sínú àwọn sípíkà. Àṣà yìí jẹ mọ́ ìgbà tí àwọn kọ̀ǹpútà bíi Palm, Handspring Visor, Sony CLIÉ àti iPAQ wà lórí àtẹ, ní ìparí ọ̀rúndún ogún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún. Ó tún padà wá sórí fóònù ìgbàlódé lẹ́yìn náà. Ohun tó ń pinnu bóyá irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè di rìmóòtù gidi kì í ṣe bí ó ti ń yára ṣiṣẹ́ tó, bí kò ṣe iná LED kékeré kan tó wà lára rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò hàn sí ojú ènìyàn.

Ìtàn

Rìmóòtù ti wà tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó kéré tó ohun tí ọwọ́ kan lè gbà. Ní ọdún 1955, Eugene Polley, ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ Zenith ní Amẹ́ríkà, ṣe Flash-Matic, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ bíi ti tọ́ọ̀ṣì darí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún 1956, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Space Command jáde, iṣẹ́ Robert Adler, èyí tó ń lo ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Nígbà tó yá, ìmọ́lẹ̀ infrared gba ipò ìró náà.

Bí ẹ̀rọ ilé ṣe ń pọ̀ sí i ni rìmóòtù ń pọ̀ sí i lórí tábìlì, nítorí pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń mú tirẹ̀ wá. Ní ọdún 1987, Steve Wozniak, ọ̀kan lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, gbé rìmóòtù CORE jáde láti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, CL 9. CORE lè kọ́ àmì rìmóòtù mìíràn, kí ó sì máa tún un sọ. Ní ọdún 1998, Philips gbé Pronto jáde, rìmóòtù tó ní ojú ìfọwọ́kàn. Ọdún yìí kan náà ni Palm III jáde pẹ̀lú infrared lára rẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn fi ń kọ àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìpàdé sílẹ̀ ti wá ní ojú ìfọwọ́kàn, ibi ìpamọ́ àti iná infrared, bíi ti Pronto gan-an. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò jẹ́ kí àǹfààní náà kọjá lọ. OmniRemote, ti ilé-iṣẹ́ Pacific Neo-Tek, wà lára àwọn ètò rìmóòtù tí wọ́n kọ fún Palm.

Bí rìmóòtù ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀

Rìmóòtù ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ nípa títan iná rẹ̀ àti pípa á lọ́nà tó ní ìlànà. Ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi nanomítà 940. Kí tẹlifíṣọ̀n má baà ka ìmọ́lẹ̀ oòrùn tàbí ti gílóòbù sí àṣẹ, iná rìmóòtù ń ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 36,000 sí 40,000 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni 38,000. Ìmọ́lẹ̀ tí kò bá ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kì í dá a lóhùn.

Nínú kóòdù NEC, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò, iná yóò kọ́kọ́ tàn fún mílísẹ́kọ́ńdì 9, yóò sì dákẹ́ fún 4.5. Lẹ́yìn náà ni bíìtì 32 yóò tẹ̀lé e: àdírẹ́sì ẹ̀rọ, òdìkejì àdírẹ́sì náà, àṣẹ, àti òdìkejì àṣẹ náà. Òdìkejì wọ̀nyí ni ẹ̀rọ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó gbà pé. Philips ní RC-5, tó ń ṣẹ́jú ní ìgbà 36,000. Sony ní SIRC, tó ń ṣẹ́jú ní ìgbà 40,000. Ẹ̀rọ tó gbọ́ ọ̀kan nínú wọn kì í sábà gbọ́ èkejì, ìdí nìyí tí rìmóòtù kan kò fi lè darí gbogbo ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó mọ kóòdù gbogbo wọn.

Ìṣòro IrDA

Infrared tó wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ kì í ṣe ti rìmóòtù. Ẹgbẹ́ Infrared Data Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ló gbé ìlànà rẹ̀, tí à ń pè ní IrDA, kalẹ̀, kí kọ̀ǹpútà méjì tó kọjú síra lè máa fi fáìlì ránṣẹ́ síra wọn. Ìyàtọ̀ mẹ́ta ló wà láàárín méjèèjì. Lákọ̀ọ́kọ́, mítà 1 péré ni wọ́n ṣètò IrDA fún, ṣùgbọ́n rìmóòtù gbọ́dọ̀ la yàrá ìgbàlejò já. Lẹ́ẹ̀kejì, ìgùn ìgbì IrDA wà láàárín nanomítà 850 sí 900, èyí tí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 940 kì í rí dáadáa. Lẹ́ẹ̀kẹta, IrDA kì í ṣẹ́jú ní ìgbà 38,000 bí rìmóòtù.

Ìṣirò lásán tó láti yanjú ìyàtọ̀ kẹta. IrDA lè fi bíìtì 115,200 ránṣẹ́ láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá ṣe é kí iná tàn lẹ́ẹ̀kan nínú bíìtì mẹ́ta mẹ́ta, yóò ṣẹ́jú ní ìgbà 38,400, èyí tó sún mọ́ 38,000 tó bẹ́ẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n fi máa gbà á. Àmọ́ kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè sọ iná tí kò lágbára di alágbára. Ẹni tó ń lo irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè ní láti dìde kúrò lórí àga kó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí kí ènìyàn má baà dìde ni wọ́n ṣe ṣe rìmóòtù.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a fi iná mìíràn kún un. Handspring Visor, tó jáde ní ọdún 1999, ní ihò kan tí wọ́n ń pè ní Springboard, tí a lè ki ẹ̀yà OmniRemote tó ní iná tó lágbára bọ̀. Fún Pocket PC, Griffin Technology ta TotalRemote, tí a ń ki bọ ihò agbọ́rọ̀sétí. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fi iná rìmóòtù sára kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀: ọ̀wọ́ iPAQ H3900 ti ọdún 2002 ní irú iná bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ètò Nevo láti ọwọ́ Universal Electronics.

Kóòdù àti ìpamọ́ rẹ̀

Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà mọ kóòdù. Ọ̀kan ni pé kí olùlò yan orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà nínú àkójọ tí ètò náà ti ní. Èkejì ni pé kí ó kọjú rìmóòtù àkọ́kọ́ sí kọ̀ǹpútà náà nítòsí gan-an, kí ó sì máa tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà lè ka ìgbà tí iná tàn àti ìgbà tó dákẹ́.

Wọ́n tún ń pín kóòdù fún ara wọn ní ọ̀nà ìkọsílẹ̀ Pronto, tó jẹ́ nọ́ńbà onípò mẹ́rìndínlógún tí a lè kọ sínú fáìlì lásán. Kóòdù tí a kọ́ láti ara rìmóòtù ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0000. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ló ń sọ bí iná yóò ṣe máa ṣẹ́jú, 006D sì dúró fún nǹkan bí ìgbà 38,000. Àǹfààní èyí hàn nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí àtẹ. Fáìlì tó jẹ́ ti ètò kan ṣoṣo bá ètò náà lọ, ṣùgbọ́n kóòdù tí a kọ bí ọ̀rọ̀ lásán ṣì ṣeé kà, ẹ̀rọ tuntun sì lè lò ó.

Àṣẹ àkànpọ̀

Àǹfààní tó tóbi jù ni àṣẹ àkànpọ̀. Bí olùlò bá tẹ «Wo fíìmù», kọ̀ǹpútà yóò tan tẹlifíṣọ̀n, yóò dúró díẹ̀ kí ó jí, yóò yí i sí ojú ọ̀nà DVD, yóò tan ẹ̀rọ ohùn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ fíìmù.

Ṣùgbọ́n infrared rìmóòtù jẹ́ ọ̀rọ̀ apá kan: kọ̀ǹpútà ń sọ, kì í gbọ́ èsì. Lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, bọ́tìnnì kan náà ló ń tan ẹ̀rọ tó sì ń pa á. Bí ẹ̀rọ kan bá ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀, àṣẹ àkànpọ̀ yóò pa á. Bí iná mànàmáná bá lọ tó sì padà, ohun tí kọ̀ǹpútà gbà gbọ́ nípa àwọn ẹ̀rọ náà lè má jẹ́ òótọ́ mọ́. Nítorí náà ni àwọn olùlò ṣe ń wá kóòdù tó dá dúró fún títàn, àti òmíràn fún pípa.

Àléébù

Ojú ìfọwọ́kàn kò ní bọ́tìnnì tí ìka lè dá mọ̀ nínú òkùnkùn. Olùlò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára fíìmù kó tó lè dín ohùn kù. Kọ̀ǹpútà náà máa ń sùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ láti ṣẹ́ bátìrì kù, a sì gbọ́dọ̀ jí i kó tó ṣiṣẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, rìmóòtù jẹ́ ti gbogbo ilé, kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ sì jẹ́ ti ẹnì kan: bí olówó rẹ̀ bá jáde, ó mú rìmóòtù àwọn ará ilé lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́

Nígbà tí iPhone jáde ní ọdún 2007, kò ní infrared. Ní ọdún 2008, Apple gbé áàpù Remote jáde, tó ń darí iTunes àti Apple TV nípasẹ̀ Wi-Fi. Infrared padà ní ọdún 2013 lára HTC One àti Samsung Galaxy S4, pẹ̀lú iná tí wọ́n dìídì ṣe fún rìmóòtù. Android 4.4, tó jáde ní ọdún yẹn, fún áàpù ní ọ̀nà láti sọ bí iná yóò ṣe máa ṣẹ́jú àti bí yóò ti pẹ́ tó, láìlo ọgbọ́n ìṣirò IrDA. HDMI-CEC náà ń jẹ́ kí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n darí àwọn ẹ̀rọ tí wáyà HDMI so mọ́ ọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná infrared kan ń ṣiṣẹ́ lè wò ó nípasẹ̀ kámẹ́rà fóònù: ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń rí ìmọ́lẹ̀ náà, yóò sì hàn bí iná funfun tàbí elésè àlùkò tó ń ṣẹ́jú.