Ọ̀gbìn Àpapọ̀ ní Agbègbè Ìwó àti Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìwó ń gbà gbin oríṣìíríṣìí irúgbìn pọ̀ sójú kan, àti bí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ṣe kọ ẹ̀yìn sí i.

Ibi tí igbó ti ń di ọ̀dàn ni Ìwó wà. Bí òjò bá bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìhòòhò, yóò wọ́ ọ̀rá rẹ̀ lọ, ẹ̀kan yóò sì gba ibẹ̀. Nítorí náà ni àgbẹ̀ fi ń daṣọ bò ó. Orí ebè ni iṣu wà, àgbàdo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, egúsí ń fà nílẹ̀ láàárín wọn, ilá àti ata wà káàkiri; bí wọ́n bá wa iṣu tán, ẹ̀gẹ́ ni ó máa ń jogún ebè náà. Ewé egúsí kì í jẹ́ kí èpò rí oòrùn, kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ tètè gbẹ. Ẹ̀wà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1888, Hellriegel àti Wilfarth ní Jámánì fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí inú kókó gbòǹgbò irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. (Ẹni tí ó bá ti jẹ àdàlù kò ní ṣiyèméjì pé ẹ̀wà àti àgbàdo kì í jà.) Ẹ̀yìnkùlé kò yàtọ̀: ewúro, ẹfinrin, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ń gbé pọ̀ lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, pèrègún sì dúró fún ààlà.

Ní 1910 ni ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ fún Gúúsù Nàìjíríà, Moor Plantation ní Ìbàdàn sì di ibùdó rẹ̀. Láti 1922 títí di 1951 ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀ lórí bí ọ̀rá ilẹ̀ kò ṣe ní tán. Wọ́n gbin ìbátan wèrèpè kan tí kì í yúnni lára, wọ́n sì ń ro ó mọ́lẹ̀ kí ó lè di ajílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kò gbà á. Ó ń gba ilẹ̀, ó ń gba agbára, kò sì bọ́ ẹnikẹ́ni. Lójú tiwa, ìdáhùn ọlọ́gbọ́n ni. Ní 1936, G. Howard Jones kọ ìwé lórí oko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó rí i pé ètò wà nínú ohun tí àlejò ń pè ní rúdurùdu.

Ilé-ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1925 ní kí ẹ̀kọ́ bá ìgbésí ayé àwọn ènìyàn mu. Síbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tó tọ́ bí okùn, irúgbìn kan ṣoṣo lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni púpọ̀ nínú wa bá lọ́gbà ilé-ẹ̀kọ́. Gbúre tí ìyá ọmọ ń já sọ́bẹ̀ nílé, olùkọ́ ní kí ó fà á tu bí èpò. Ọmọ náà kò kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan. Ó kọ́ pé àwọn òbí òun kò mọ nǹkan kan.

Ìbàdàn yìí kan náà ni wọ́n dá IITA sílẹ̀ sí ní 1967. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú yẹ egúsí wò, wọ́n sì rí i pé ó ń tẹ èpò rì. A kò sọ pé ọ̀gbìn àpapọ̀ kò ní àbùkù: bí irúgbìn bá fún mọ́ra jù, gbogbo wọn ni yóò rán, katakata kò sì lè wọ irú oko bẹ́ẹ̀.

Àbá wa kò ju ẹyọ kan lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní Ìwó pín ọgbà sí méjì: àgbàdo nìkan ní apá kan, àgbàdo pẹ̀lú egúsí ní apá kejì; kí àwọn ọmọ sì máa ka iye ìgbà tí wọ́n ro apá kọ̀ọ̀kan títí di ìkórè.