Ẹ̀rí Inú Ẹ̀jẹ̀: Bí DNA Ṣe Wọ Inú Ìwádìí Ọ̀ràn

Kí àyẹ̀wò DNA tó ran ọlọ́pàá lọ́wọ́ láti mú apààyàn kankan, aláìṣẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, ìtàn náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984. DNA ni èròjà inú ara tí ó ń gbé àbùdá òbí fún ọmọ, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Alec Jeffreys, onímọ̀ nípa àbùdá, yọ èròjà yìí láti inú ẹ̀jẹ̀, ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi agbára iná mànàmáná to àwọn ègé náà bí wọ́n ṣe gùn sí, ó sì gba àwòrán wọn sórí fíìmù ẹ̀ksiréè. Àwọn ìlà dúdú tí ó hàn níbẹ̀ dà bí ilà ojú, nítorí pé wọ́n ń fi ìdílé ẹni hàn, ṣùgbọ́n tẹnìkan kì í bá tẹlòmíràn mu délẹ̀, àyàfi ti àwọn ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde.

Ní ọdún 1985, ìmọ̀ yìí gbèjà ìdílé kan tí ó wá láti Gánà, nígbà tí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà pé ọmọkùnrin kan tí ó ń padà wọ ilẹ̀ wọn ni ọmọ bíbí ìyá tí ó ń pè é ní tirẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọmọ rẹ̀ ni, wọ́n sì jẹ́ kí ó dúró.

Ọ̀ràn tí ó gbé ìmọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ti àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 méjì tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ tí wọ́n sì pa, ọ̀kan ní Narborough lẹ́bàá Leicester ní ọdún 1983, èkejì ní Enderby nítòsí rẹ̀ ní ọdún 1986. Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́dún 17 kan jẹ́wọ́ pé òun ni ó pa èkejì, ṣùgbọ́n nígbà tí Jeffreys yẹ àtọ̀ tí wọ́n bá lára òkú méjèèjì wò, ó rí i pé ọkùnrin kan náà ni ó ni ín, kì í sì í ṣe ọ̀dọ́ náà; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tú u sílẹ̀.

Ní ọdún 1987, ọlọ́pàá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin tí ó tó bí 5,000 ní agbègbè náà, síbẹ̀ wọn kò rí apààyàn náà, nítorí pé Colin Pitchfork, òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì, ti bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé kí ó lọ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ ní orúkọ òun. Ẹlẹgbẹ́ náà sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń mu ọtí, obìnrin kan gbọ́, ó sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ̀jẹ̀ Pitchfork gan-an sì bá àtọ̀ náà mu, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n gbére ní ọdún 1988.

Ohun tí DNA lè sọ ni ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó gbé e wá àti orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n wà, nítorí náà ilé-ẹjọ́ tí ó bá fẹ́ gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí gbogbo ọwọ́ tí ó ti gbà kọjá.