Góòlù Tí A Rántí, Fàdákà Tí A Gbàgbé

Bí ẹ bá dé ibi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń dúró ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ifọ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ní Mówè àti Ìbàfò, ẹ bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní Atlanta ní 1996. Lójú ẹsẹ̀ ni wọn yóò dárúkọ Kanu àti Amuneke, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà fún yín lójú títì. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ wá bi wọ́n nípa àwọn obìnrin mẹ́rin tó gba fàdákà lọ́jọ́ kan náà. Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Ọdún 1952 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì. Fún ọdún 44, idẹ àti fàdákà là ń mú bọ̀, a ò rí góòlù gbà. Nílé pàápàá nígbà yẹn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Abacha wà lórí àlééfà, MKO Abíọ́lá ọmọ Abẹ́òkúta wà látìmọ́lé, wọ́n sì ti yìnbọn pa Kudirat ìyàwó rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún náà. Ìlú tó fajú ro ni ìròyìn òpin ọ̀sẹ̀ yẹn bá.

Chioma Ajunwa ló ṣíde. Ọlọ́pàá ni, ó ti bá ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa lọ sí ìdíje ife àgbáyé ní Ṣáínà ní 1991. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òfin dè é fún ọdún 4 lórí ẹ̀sùn oògùn. Ní alẹ́ Fúráìdé, ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, ó sáré, ó fò, ó sì balẹ̀ sí mítà 7.12. Ìfò àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn o! Títí ìdíje fi parí, kò sẹ́ni tó bá a, àní Jackie Joyner-Kersee onílé ò ju ẹ̀kẹta lọ. Títí ìdíje Paris 2024 fi parí, kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà mìíràn tó dá nìkan gba góòlù.

Ti bọ́ọ̀lù ti Sátidé, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ajẹntínà ṣíwájú, Babayaro àti Amokachi dá a padà, Amuneke sì parí ẹ̀ nígbà tí eré fẹ́ tán: 3 sí 2. Ọ̀sán ni ní Amẹ́ríkà, alẹ́ ni níbí. Gbogbo ìlú tú síta.

Ìgbà tí à ń jó yìí gan-an làwọn obìnrin yẹn jáde. Eré ìje onímítà 400 ni, ẹni mẹ́rin á máa gbé ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Bísí Afọlábí ló bẹ̀rẹ̀, ó kan Fatima Yusuf, ó kan Charity Opara, Falilat Ògúnkọ̀yà ló sì gbà á kẹ́yìn. Ọmọ Òde-Lẹ́mọ ni Falilat. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìbàfò, tó gba Mówè kọjá sí Ṣágámù, kò jìnnà sílé wọn mọ́. Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti gba idẹ nínú mítà 400, ó sáré é ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10. Jearl Miles ti Amẹ́ríkà wà níwájú, Falilat gbá tẹ̀ lé e, ariwo àwọn onílé gba gbogbo pápá. Amẹ́ríkà lo 3:20.91. Àwa lo 3:21.04. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má yọ̀ fún bọ́ọ̀lù. Èmi náà ń yọ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: Ajunwa, Mary Onyali nínú mítà 200, Falilat nínú mítà 400, àti àwọn mẹ́rin tó gbé ọ̀pá. Nínú àmì-ẹ̀yẹ 6 tí Nàìjíríà gbà ní Atlanta, obìnrin ló gba 4.