Ẹrù tí a tò síta: ẹ yẹ ìwé ilẹ̀ wò kí ẹ tó ṣe fẹ́ǹsì

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Àbújá àti Òkè Ọya, ọjà tí kò ṣe é kó wọ yàrá là ń tà: pákó, irin, búlọ́ọ̀kù, páànù, táyà àlòkù, àga tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ìta la máa ń tò ó sí. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ìjọba bá dé, wọ́n á kó ẹrù lọ, gbèsè á sì kù sí ọlọ́jà lọ́rùn. Àwọn kan rò pé tí àwọn bá ti fi páànù yí ẹrù ká, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ta ló ni òfin náà?

Lọ́dún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, ó ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló láṣẹ lórí ètò ìlú tirẹ̀. Ní Kánò, KNUPDA lẹ máa lọ bá. Ní Kàdúná, KASUPDA. Ní Jọ́ọ̀sì, JMDB. Ní Àbújá, Development Control ni, òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 ni wọ́n sì ń lò. Nítorí náà, ohun tí wọ́n gbà fún yín ní Ìbàdàn lè má jẹ́ ohun tí wọ́n máa gbà níbi tí ẹ wà.

Ohun mẹ́ta tó yẹ kí ẹ wò

1. Ìwé ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé gómìnà lè gba ilẹ̀ padà tí ẹni tó ni ín bá rú àdéhùn inú C of O. Ní Àbújá, mínísítà ló dúró bíi gómìnà. Tí ìwé bá sọ pé ilé gbígbé ni, tí ẹ wá sọ ọ́ di ibi ìkó pákó sí, ẹ̀sùn ti wà nílẹ̀. Fẹ́ǹsì kì í yí ìwé ilẹ̀ padà. Tí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ ní kí onílé fi ìwé han yín kí ẹ tó sanwó.

2. Ààlà. Etí títì, orí gọ́tà àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Títì ìjọba àpapọ̀ ń gba nǹkan bíi mítà 45 láti àárín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi páànù yí ẹrù ká níbẹ̀, páànù náà á di ẹ̀ṣẹ̀ kejì.

3. Bíbo ẹrù. Inú ààlà yín ni kí fẹ́ǹsì wà. Fẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ nílò àṣẹ, ẹ béèrè bó ṣe gbọ́dọ̀ ga tó kí ẹ tó mọ búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. Ẹ má to ẹrù ga ju fẹ́ǹsì lọ. Tí ilé bá wà ní kọ̀rọ́nà, ẹ má dí awakọ̀ lójú. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ẹrù àti ògiri aládùúgbò, pàápàá tó bá jẹ́ pákó tàbí táyà, torí iná.

Ibi tí wọ́n ti là sílẹ̀

Àwòrán ìlú Àbújá ti ọdún 1979 pín ilẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì fi pọ̀ ní Apo, oníṣẹ́ àga ní Kugbo, oníṣòwò pákó àti ohun ìkọ́lé ní Dei-Dei. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ níta, kí ó wá àyè síbẹ̀ sàn ju kí ó máa bá ìjọba fà á láàárín ilé gbígbé.

Tí ìwé ìkìlọ̀ bá dé

Ẹ má fà á ya. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dá, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì kí ọjọ́ náà tó pé. Òfin 1992 fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ìpinnu wọn kò tẹ́ lọ́rùn láti pe ẹjọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn lókà ń já fún yín lọ́jà kì í ṣe ìwé àṣẹ o. Ẹ má fi gbára lé e.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ lọ kí aládùúgbò, kí ẹ béèrè bóyá ẹrù yín ń dí i lọ́wọ́. Òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ fẹjọ́ sùn. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.