Ìtàn Filibuster ní Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà

Nínú gbogbo àṣà tó ń darí ìṣèlú Amẹ́ríkà, díẹ̀ ni ó lágbára tó filibuster, èyí tí í ṣe ọgbọ́n tí àwọn sẹ́nétọ̀ tí kò pọ̀ níye fi ń fa ọ̀rọ̀ gùn nílé ìgbìmọ̀, kí àbá òfin tí wọn kò fẹ́ má baà débi ìdìbò. Kò sí ibi tí a ti dárúkọ rẹ̀ nínú Ìwé Òfin tí wọ́n kọ ní 1787. Aaron Burr, igbákejì ààrẹ tó ń kógbá sílé ní 1805, ló gba Ilé Aṣòfin Àgbà nímọ̀ràn láti gé ìwé ìlànà rẹ̀ kúrú, nígbà tí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1806, wọ́n yọ ìlànà kan tí wọn ì bá fi lè pa ìjíròrò dé. Ó di 1917 kí wọ́n tó fi ìlànà mìíràn rọ́pò rẹ̀, pé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wá sópin.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ni àṣà yìí ti fojú rẹ̀ hàn jù. Ní 1922, Ilé Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá aṣòfin L. C. Dyer, tí yóò sọ pípa tí àgbájọ èrò ń pa ènìyàn láìsí ìdájọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́nétọ̀ ìhà gúúsù fi filibuster pa á. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò sì jáde títí di 2022, lẹ́yìn 100 ọdún gbáko. Ní oṣù kẹjọ 1957, sẹ́nétọ̀ Strom Thurmond láti South Carolina dúró sọ̀rọ̀ fún wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 18 láti tako àbá òfin ẹ̀tọ́ ará ìlú, ó ń ka òfin ìdìbò ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, síbẹ̀ àbá náà kọjá.

Èyí tó le jù lọ ni filibuster ti 1964, tí wọ́n fi tako àbá òfin ẹ̀tọ́ ará ìlú mìíràn, tó gba ọjọ́ tó lé ní 50. Nígbà tí ìbò láti pa ìjíròrò dé wáyé ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti sẹ́nétọ̀ Clair Engle láti California wọlé; àìsàn inú ọpọlọ ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ó tọ́ka sí ojú rẹ̀ láti fi hàn pé òun fara mọ́ ọn, ìbò 71 sí 29 sì fòpin sí ìdènà náà.

Láti 1975, sẹ́nétọ̀ 60 nínú 100 ló tó láti pa ìjíròrò dé, ẹni tó ń dènà kò sì nílò láti dúró sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ Democrat mú filibuster kúrò lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyànsípò ní 2013, ẹgbẹ́ Republican mú un kúrò lórí ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 2017, ṣùgbọ́n ó ṣì dúró lórí àbá òfin. Òun ló sì dá àbá ẹ̀tọ́ ìdìbò dúró ní oṣù kìíní 2022. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ sọ pé ó ń dáàbò bo àwọn tó kéré níye, ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn rẹ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ ìhà gúúsù ni ó dáàbò bò jù, kì í ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń so rọ̀ lórí igi.