Ìṣẹrì Olófin àti Àwọn Abúlé tí Ó Di Ibùdókọ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́ ni ó mọ Ìṣẹrì, Ìdímù, Ìkòtún àti Ìgàndò gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí kọndọ́ ń pè ní ibùdókọ̀. Díẹ̀ ni ó mọ̀ pé abúlé àgbẹ̀ àti ọdẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, lórí ilẹ̀ Àwórì.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ògúnfúnminíre, tí a mọ̀ sí Olófin, ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n gbé àwo kan lé orí omi, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e. Àwo náà dúró ní Olókemèjì, ó tún dúró ní Òkè-Àtá lẹ́bàá Abẹ́òkúta, kí ó tó dé Ìṣẹrì. Nígbà tí ó rì, wọ́n ní, "Àwo ti rì." Ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti jáde. Àwọn kan ní Ìṣẹrì ni ó rì sí. Àwọn mìíràn ní ó di Èkó. Ìṣẹrì gan-an kì í ṣe ẹyọ kan. Ìṣẹrì Olófin àti Ìṣẹrì Ọ̀ṣun wà ní Alímọ̀ṣọ́, òmíràn sì wà létí Odò Ògùn. Kò yẹ kí a torí èyí pe ìtàn náà ní irọ́: irú ìtàn bẹ́ẹ̀ a máa sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ ju bí ó ti ń sọ ọdún lọ.

Igbó, oko ẹ̀gẹ́ àti àbàtà ni ó yí àwọn abúlé wọ̀nyí ká. Odò Òwò ń ṣàn lápá ìwọ̀-oòrùn wọn lọ sínú Ọ̀sà Ọlọ́gẹ. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni agbègbè náà wà títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, ọdún 1967, tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé bo oko. Ìjọba Jakande (1979 sí 1983) kọ́ ilé sí Abẹ́sàn ní Ìpájà, àwọn ayálégbé àti olówó tí ń wá ilẹ̀ sì ń ya wọlé láti àárín Èkó. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó ní wọ́n ju mílíọ̀nù méjì lọ.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí kò ṣíwọ́ títà. Wọ́n a ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, ìjà a sì dé. Ọdún 2016 ni Èkó ṣe òfin tí ó fi ìyà jẹ àwọn ajagungbalẹ̀.

Ibí yìí ni ìtàn àwo ti kúrò ní àlọ́. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ọdún 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn fi lè fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìtẹ̀dó láti ẹnu àwọn àgbà ni ó ṣáájú. Bí ìtàn ẹbí méjì bá sì takora, adájọ́ kì í wo ẹni tí ó sọ tirẹ̀ dùn jù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà láàrin ìgbà tí ojú àwọn alààyè tó ni yóò fi wọ̀n wọ́n: ta ni ó dáko níbẹ̀, ta ni ó gba ìṣákọ́lẹ̀, òkú ta ni a sin síbẹ̀.