Wellington, 1910: Ṣé Àmúwá Ọlọ́run Ni Lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kò gbé ilẹ̀ olótùútù rí máa ń rò pé ìgbà tí òtútù bá mú jù lọ ni yìnyín orí òkè ń pààyàn. Ìtàn Wellington fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí èèyàn ń retí ìrúwé, ìgbà náà gan-an ló yẹ kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ òkè fura.

Ibùdókọ̀ ojú irin kékeré kan ni Wellington, láàárín àwọn òkè Cascade ní ìpínlẹ̀ Washington, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Great Northern ló ni ojú irin náà. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 1910, ọkọ̀ méjì tó ń ti Spokane lọ sí Seattle há síbẹ̀. Ọ̀kan kó èrò, èkejì kó lẹ́tà. Yìnyín dí ojú irin níwájú, ó dí i lẹ́yìn. Èédú tí ẹ̀rọ tó ń kó yìnyín ń lò ń tán lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín bèèrè fún àfikún owó. Nígbà tí wọn kò rí i gbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù ti ń ba àwọn èrò. Kí wọ́n tó dé Wellington, wọ́n ti dúró ní òdìkejì ihò tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè kọjá, wọ́n sì jẹun nílé ìdáná kan níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kúrò, yìnyín ya lu ilé ìdáná náà, ó pa èèyàn méjì. Bí wọ́n bá gbójú sókè ní Wellington, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí iná ti jó igbó orí rẹ̀ ni wọ́n ń rí. Àwọn igi tí ì bá ṣe igi lẹ́yìn ọgbà fún yìnyín náà kò sí mọ́.

Àwọn kan bẹ àwọn ọ̀gá ojú irin pé kí wọ́n dá ọkọ̀ padà sínú ihò òkè. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní èéfín àti òtútù inú ihò kò ní jẹ́ kí èèyàn gbádùn, pé yìnyín kò sì ya lójú ibi tí ọkọ̀ wà yìí rí. Àwọn èrò mélòó kan kò dúró gbọ́ àlàyé mọ́. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín sọ̀kalẹ̀ lọ sí Scenic, wọ́n sì yè.

Ní alẹ́ ọjọ́ 28, ojú ọjọ́ yí padà. Òjò rọ́pò yìnyín, afẹ́fẹ́ gbóná díẹ̀, àrá ń sán. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí ń ṣe. Yìnyín orí òkè máa ń tò léra wọn bí ẹní. Òtútù ló ń jẹ́ kí ọ̀kan di èkejì mú. Tí òjò bá rọ̀ sí i, omi á rin inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, á tú ibi tí wọ́n ti so mọ́ra. Omi kan náà á tún dá kún ìwúwo èyí tó wà lókè. Kò ní pẹ́ tí ẹní òkè á fi yọ̀ lórí ti ìsàlẹ̀.

Aago kan òru kọjá díẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, òkè náà tú. Yìnyín gbé ọkọ̀ méjèèjì jù sí àfonífojì odò Tye. Èèyàn 96 kú; 23 ló yè. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yìnyín yọ́, ni wọ́n tó rí àwọn òkú tó kẹ́yìn. Títí dòní, kò sí yìnyín tó ya tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn Amẹ́ríkà.

Ìdílé èrò kan pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Àwọn ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà dá ìdílé láre. Ṣùgbọ́n ní 1914, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ìpínlẹ̀ náà yí ìdájọ́ padà: àmúwá Ọlọ́run ni.

Gbólóhùn yìí kò ṣàjèjì sí wa. A máa ń sọ ọ́ láti tu olóòkú nínú, kò sì burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n yí orúkọ Wellington padà sí Tye. Wọ́n fi kọnkéré ṣe òrùlé bo ojú irin. Ní 1929, wọ́n ṣí ihò tuntun tó gùn tó kìlómítà 12 nísàlẹ̀ òkè, wọ́n sì pa ọ̀nà àtijọ́ tì. Ohun tí owó àti kọnkéré lè dènà kì í ṣe ti Ọlọ́run nìkan.

Lóòótọ́, kò sí ẹni tó lè dá òjò alẹ́ ọjọ́ náà dúró. Àmọ́ òjò kọ́ ló gbé ọkọ̀ sábẹ́ òkè tí kò nígi, òjò kọ́ ló sì ní kí àwọn èrò dúró síbẹ̀. Nígbàkígbà tí a bá tún gbọ́ pé jàǹbá kan jẹ́ àmúwá Ọlọ́run, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè ta ló sọ pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀, àti ta ló ní kí wọ́n dúró.